Bí ẹ ṣe lè lọ kọ́ṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì fún oṣù kan nílẹ̀ òkèèrè, láti Òṣogbo

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì dá mi dúró ní oríta Ọláìyá, ó na fóònù sí mi. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà á, wọ́n ti gbà mí ní Jámánì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin!" Mo kà á. Ìwé náà dára, ilé ìwòsàn gidi ló ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù ńkọ́? Kò ní. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú (hepatitis B) ńkọ́? Ẹyọ kan ló gbà, ọdún kejì rèé. Ta ni yóò san owó? Màmá rẹ̀ ni. Àdìrẹ ni màmá ń tà ní Ọjà-Ọba, owó àdìrẹ kì í sì í gba báǹkì kọjá. Kò lọ.

Kò sí èyí tó ṣòro nínú gbogbo rẹ̀ ká ní ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ máa lò lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko lẹ máa fi múra nílé. Èmi náà lọ nígbà tí mo wà ní ìpele 500. Kùmásì ní Gánà ni mo lọ. Bí mo ṣe ṣe é, àti bí ì bá ṣe dáa kí n ṣe é, ni mo fẹ́ sọ.

Elective ni àwa ọmọ ìṣègùn ń pe irú ìrìn àjò yìí. Ẹ ò yí ilé ẹ̀kọ́ padà, ẹ ò gba ìwé ẹ̀rí mìíràn. Ẹ kàn lọ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn níbòmíràn ni, ẹ ó sì padà wá jókòó ṣe ìdánwò yín ní Òṣogbo.

Oṣù méjìlá ṣáájú: ẹ wá àyè

Fún ọmọ ìṣègùn, àyè tó dáa jù ni ìgbà tí ẹ bá ti kọjá nínú àwọn wọ́ọ̀dù ńlá, tí ìdánwò àṣekágbá kò sì tíì súnmọ́lé. Ọmọ ìpele 400 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìgbọ́hùn-àyà kọ́rùn kò tíì mọ ohun tó ń wá kiri. Fún ọmọ nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà nípọn díẹ̀: ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí máa ń ka wákàtí tí ẹ lò ní wọ́ọ̀dù. Ẹ béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá wọn á ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti òkèèrè mọ́ ọn, tàbí ẹ máa padà wá san án.

Ẹ lọ bá olórí ẹ̀ka yín. Ẹ mú ìwé lọ́wọ́ lọ. "Ó dáa, máa lọ" tí ọ̀gá sọ bó ṣe ń rìn kọjá ní kọ́rídọ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ọ̀gá yẹn lè lọ fún ìsinmi, ẹni tó bá sì jókòó sípò rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ mú ohun tí ẹ fẹ́ kọ́, kí ẹ tó mú ìlú

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú, wọ́n á wá máa wá ohun tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ẹ yí i padà. Ẹ bi ara yín léèrè: kí ni mi ò rí rí ní wọ́ọ̀dù wa, tí mo sì mọ̀ pé màá nílò rẹ̀ títí n ó fi fẹ̀yìn tì?

Ohun tó wà lọ́kàn tèmi ni àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell). Ní orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti ń bí wọn jù lágbàáyé. Ní wọ́ọ̀dù ọmọdé tí mo wà nígbà náà, ìgbà tí egungun bá ti ń ro ọmọ, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, tí ìyá ti ń sunkún, la tó máa ń mọ̀ pé SS ni. Mo wá gbọ́ pé ní Kùmásì, láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò fún un, iṣẹ́ tí dókítà ọmọ Gánà nì, Kwaku Ohene-Frempong, bẹ̀rẹ̀. Mi ò tún wo Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Ohun tí mò ń wá wà nítòsí, níbi tí fíìsà kò sí rárá.

Ẹ̀yin ọmọ nọ́ọ̀sì náà, ẹ wò ó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìtọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́ ló wù yín, Ùgáńdà wà: láti 2004 ni òfin ibẹ̀ ti gbà kí nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ àkànṣe kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Ní Òṣogbo, dókítà la óò máa wá kiri. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ni, ní Nẹ́dálándì, agbẹ̀bí ló ń mójú tó aboyún tí ara rẹ̀ dá, títí kan èyí tó bá fẹ́ bímọ sílé ara rẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà

Àdéhùn tí yunifásítì yín bá ní pẹ̀lú yunifásítì mìíràn ló rọrùn jù. Owó ìrànwọ́ Erasmus+ ti àwọn ará Yúróòpù, inú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ló ń gbà wá; ẹnikẹ́ni ò lè dá nìkan lọ tọrọ rẹ̀. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ẹ má tijú, iṣẹ́ wọn ni.

Ọmọ ìṣègùn tún ní ọ̀nà kan: NiMSA, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Nàìjíríà, wà lábẹ́ ẹgbẹ́ àgbáyé IFMSA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951. Pàṣípààrọ̀ ni tiwọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. SCOPE ni wọ́n ń pe ti wọ́ọ̀dù, SCORE ni ti ìwádìí. Ẹ lọ bá aṣojú wọn ní ilé ẹ̀kọ́ yín kí ọdún tó yí, nítorí àyè kì í pọ̀.

Ìkẹta ni kí ẹ kọ̀wé fúnra yín, òun lèmi gbà. Ìkẹrin, tí mi ò gbà yín níyànjú, ni àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ yín láti bá yín wá ààyè. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ wọn bó ti yẹ, owó wọn ló ga. Àwọn kan, olè ni wọ́n. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n kò le: ẹ wá nọ́ńbà ilé ìwòsàn náà fúnra yín, ẹ má lo èyí tí wọ́n fún yín, kí ẹ pe ibẹ̀ láti béèrè bóyá wọ́n mọ̀ nípa yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó sínú àkáǹtì ènìyàn kan dípò ti ilé ìwòsàn, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Lẹ́tà, oṣù mẹ́wàá ṣáájú

Mọ́kànlá ni mo kọ, méjì ló dáhùn. Mẹ́fà àkọ́kọ́ gùn bí ìwàásù, mo sọ ìtàn ìgbà tí mo ti fẹ́ di dókítà láti kékeré. Kò sẹ́ni tó ráyè kà á. Èyí tó ṣiṣẹ́ kò kọjá ìdajì ojú ewé. Ìlà kìíní: ẹni tí mo jẹ́, ìpele tí mo wà, ilé ẹ̀kọ́ mi. Ìkejì: ohun tí mo fẹ́ kọ́ àti ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn. Ìkẹta: ọjọ́ tí mo fẹ́ dé àti ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, àti oṣù mìíràn tó tún rọ̀ mí lọ́rùn. Ìkẹrin: wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣe, ohun tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe, àti ohun tí mo ní láti ní ẹni tó ń ṣọ́ mi kí n tó ṣe. Ó parí.

Ẹ má fi ìmélì tí ẹ ṣí ní girama, èyí tí wọ́n fi "finegirl" bẹ̀rẹ̀, kọ̀wé sí ilé ìwòsàn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ ò gbọ́ nǹkan, ẹ tún rán wọn létí, ìlà méjì péré.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa ará Òṣogbo. Ilé ìwòsàn tó jẹ́ LAUTECH Teaching Hospital tẹ́lẹ̀ níbí ti di UNIOSUN Teaching Hospital, èyí tó ń jẹ́ orúkọ LAUTECH sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó wà ní òkèèrè tó bá wá orúkọ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí méjèèjì kó dàrú mọ́ ọn lójú. Bí ìwé kan lọ́wọ́ yín bá ń jẹ́ orúkọ àtijọ́ tí òmíràn ń jẹ́ tuntun, ẹ fi ìlà kan ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá orúkọ tí ẹ kọ bá èyí tó wà nínú World Directory of Medical Schools mu, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń yẹ̀ wá wò.

Orúkọ àti pásípọ́ọ̀tù

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ tẹ́ NIN, ìwé ẹ̀rí girama, ìwé ọjọ́ ìbí àti káàdì ilé ẹ̀kọ́ sórí tábìlì, kí ẹ ka orúkọ tó wà lórí wọn lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ajíbọ́lá ni orúkọ àkọ́kọ́ níbì kan, orúkọ ìdílé níbòmíràn. "Oluwaseun" níbí, "Seun" lọ́hùn-ún. Títún un ṣe lè gba oṣù. Ìwé ìrìnnà ojú ewé 32, ti ọdún márùn-ún, di ₦100,000 láti oṣù kẹsàn-án 2025. Ti ojú ewé 64, ọdún mẹ́wàá, di ₦200,000. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan, kékeré tó o.

Abẹ́rẹ́, oṣù mẹ́jọ ṣáájú

Mẹ́dọ̀wú B ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni: èkíní lónìí, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ẹ rí i pé oṣù mẹ́fà ti lọ. Lẹ́yìn oṣù kan sí méjì tí ẹ bá gba ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn òkèèrè á ní kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó ti mú. Nọ́ńbà 10 (mIU/mL) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń wò fún lórí ìwé àyẹ̀wò. Bí ẹ bá gba ẹyọ kan tí ẹ sì gbàgbé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; ibi tí ẹ dúró sí lẹ ti máa tẹ̀ síwájú.

Ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kò le: ẹyọ kan, láti 2016 ni yẹ́lò káàdì sì ti di ti ìgbà gbogbo ayé ẹni. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ẹ gba abẹ́rẹ́ gan-an o. Káàdì tí wọ́n ń kọ fún ènìyàn ní gáréèjì láìgún un, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ di olùtọ́jú aláìsàn kọ́ ló yẹ kó wà lọ́wọ́ yín.

Owó, àti àkáǹtì màmá yín

Bí ibi tí ẹ ń lọ bá gba fíìsà, ìwé àkáǹtì oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ìyá tó ń tà tó sì ń rà lójoojúmọ́ lè ní mílíọ̀nù lọ́jà, kí àkáǹtì rẹ̀ sì gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yá owó ńlá sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé jáde. Ẹni tó ń ka ìwé yẹn ní ẹ́ḿbásì ti rí i rí. Owó tó já bọ́ lójijì ń bà wọ́n lẹ́rù ju owó kékeré lọ.

Ẹ bẹ màmá láti oṣù méje kí ẹ tó tọrọ fíìsà: owó tí wọ́n bá pa lóòjọ́, kó kọ́kọ́ wọ àkáǹtì kí wọ́n tó fi ra aró àti aṣọ. Yóò kùn pé báǹkì ń gé owó. Ẹ bẹ̀ ẹ́ ṣáá. Bí wọ́n bá ti fi orúkọ òwò wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ fi ìwé rẹ̀ kún un. Ìwé ọjọ́ ìbí tó fi hàn pé àwọn ló bí yín, ẹ fi kún un. Lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn ni yóò gbọ́ bùkátà yín, òun náà.

Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé nínú ìṣirò ni owó tí ilé ìwòsàn ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àlejò. Ẹ béèrè rẹ̀ nínú lẹ́tà kejì, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé wọ́n ti gbà yín.

Fíìsà

Gánà kò gba fíìsà: àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní 90 ọjọ́. Ojú ọ̀nà ni mo gbà, Èkó, Kùtọnu, Lomé, Accra, kí n tó kọrí sí Kùmásì. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde àti ìwọlé sí pásípọ́ọ̀tù ní ibodè kọ̀ọ̀kan. Níbì kan, wọ́n ní kí n "ṣe dáadáa" kí wọ́n tó lù ú. Mo jókòó síbẹ̀, mo ṣí ìwé mi, mò ń kàwé. Nígbà tí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n lù ú.

Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Schengen, €90 ni owó fíìsà, ìwé adójútòfò tó tó €30,000 gbọ́dọ̀ wà, ó kéré tán, ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò ni ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oṣù mẹ́ta. Ní Ìlú Ọba, fíìsà àlejò gba ọmọ ìṣègùn láyè láti ṣe elective bí yunifásítì ibẹ̀ bá gbà á, láìgba owó oṣù, láìtọ́jú aláìsàn. Ẹ ó máa wòran ni. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn fíìsà ìbẹ̀wò mọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ṣí i kí ẹ tó fi àkókò yín ṣòfò.

Ní wọ́ọ̀dù

Komfo Anokye ni orúkọ ilé ìwòsàn ńlá ti Kùmásì, orúkọ babaláwo àtijọ́ kan tí wọ́n ní ó ri idà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú ọgbà ilé ìwòsàn náà ni idà ọ̀hún wà títí dòní. Ọjọ́ tí mo rí i, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ló sọ sí mi lọ́kàn, ilé sì dà bíi pé kò jìnnà mọ́.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fi yín sábẹ́ rẹ̀ kọ ohun tí ẹ lè ṣe àti ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà máa ń yára na ọwọ́, torí nílé, bí ọwọ́ bá dí, akẹ́kọ̀ọ́ a máa gún abẹ́rẹ́, a máa fa ẹ̀jẹ̀. Lọ́hùn-ún, aláìsàn tí kò mọ̀ yín kò jẹ yín ní gbèsè ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ohun tí ẹ ò ṣe rí, ẹ sọ pé ẹ ò ṣe é rí.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí ohun tí mo wá wò. Nọ́ọ̀sì kan gbé gìgísẹ̀ ọmọ ọjọ́ méjì sọ́wọ́, ó fi ọwọ́ mú un gbóná, ó gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àárín. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, ó nù ún kúrò. Èkejì, ó jẹ́ kó kán sójú àmì róbótó lórí ìwé líle kan títí ó fi mu dé ẹ̀yìn. Ó tẹ́ ẹ kó gbẹ. Ó wá kọ nọ́ńbà fóònù ìyá, lẹ́yìn náà ti ìyá ìyá, lẹ́yìn náà ti aládùúgbò kan. Mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kò ṣòroó rí, ìyá ló ṣòroó rí nígbà tí èsì bá dé. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ni mo mú bọ̀ wálé.

Ẹ kọ́ gbólóhùn mẹ́wàá nínú èdè wọn. Mo mọ "medaase" pé ẹ ṣé, mo mọ "ɛyɛ me ya" pé ó ń dùn mí, ìyẹn nìkan ti jẹ́ kí àwọn ìyá rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ má ya fọ́tò aláìsàn, kódà bí ojú rẹ̀ kò bá hàn. Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ má fún ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀, kí ẹ lọ sọ lójú ẹsẹ̀: oògùn tí ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 sì ni lílò rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń kó o sí kí abẹ́rẹ́ tó gún yín.

Ìkíni náà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ Ìlú Ọba, orúkọ ni ọ̀gá àgbà ní kó máa pe òun. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà" láìpe orúkọ kankan.

Kí ẹ tó kúrò

Ẹ gba ìbuwọ́lù sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ Ẹtì tèmi, ọ̀gá ti lọ ìsìnkú ní abúlé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gún gìgísẹ̀ yẹn ló bá mi wá ẹlòmíràn, aago mẹ́rin kù díẹ̀. Bí ẹ bá dé Òṣogbo, ẹ fún ẹ̀ka yín ní orúkọ ọ́fíìsì àti ìmélì tó dáhùn yín, kí ẹni tó ń bọ̀ má tún kọ mọ́kànlá.

Àbúrò mi ti Ọláìyá gba abẹ́rẹ́ kejì ní ọjọ́ Ajé. Màmá rẹ̀ ti ń kùn sí báǹkì.